Ọkà Tó Tutù, Òkè Ni Kí Ó Wà

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin òbí, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé yìí, ìbéèrè kan ni a gbé wá síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí. Bí ẹnìkan bá ṣílẹ̀kùn fún ẹnìkejì rẹ̀, tí ó ní, "Wọlé, ó rọrùn," tí onítọ̀hún wọlé tí ó sì já sí kòtò, ta ni kí a dá lẹ́bi? Ṣé ẹni tó kọ́ ilé ni, tàbí ẹni tó ṣílẹ̀kùn, tàbí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ láìwo ilẹ̀? Ẹ má rò pé àlọ́ ni a fẹ́ pa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, Old Garage níhìn-ín ní Òṣogbo ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Old Garage yóò mọ̀ pé ibẹ̀ kì í dákẹ́. Àwọn awakọ̀ ń pe èrò, àwọn aláṣọ ń tú aṣọ han oníbàárà, àwọn oní-POS jókòó sábẹ́ agboòrùn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe sì tẹ́ tábìlì wọn sí ẹ̀bá títì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kọ́ kéwú lọ́dọ̀ wa láti kékeré. Ó parí Àlùkùráánì, ó kàwé dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, nígbà tí iṣẹ́ ìjọba kò sì yọjú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá jíjẹ. Ọmọ tó mọ iyì òbí ni. Ìyá rẹ̀ ń ta àǹkárá nítòsí ibẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ti ń ṣe òwò náà.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí a kírun Àlàásárì tán, ọmọ yìí wá bá wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní: "Ààfáà, ẹ jọ̀wọ́ sà, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ béèrè. Ǹjẹ́ mo jẹ màámi ní gbèsè?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ìyá rẹ̀ ń ṣàròyé pé owó tí òun ń tọ́jú kò níye lórí mọ́. Ojú gbogbo wa ló ṣe: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni wọ́n ń ṣírò dọ́là kan ní báńkì, nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó bá tọ́jú owó ìgàn aṣọ méjì sílẹ̀, nígbà tó bá padà dé ọjà, ìgàn kan ni yóò rí rà. Ọmọ náà wá ní òun mọ ọ̀nà àbáyọ. Ó fi áàpù kan sórí fóònù ìyá rẹ̀, èyí tí ènìyàn fi ń tọ́jú irú owó orí ẹ̀rọ kan tí iye rẹ̀ so mọ́ dọ́là, tí kò sì sí báńkì kankan láàárín. Bí ó ti ń ṣí i, áàpù náà gbé ọ̀rọ̀ méjìlá jáde, ó ní kí wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé kí wọ́n sì fi pamọ́. Nísàlẹ̀, ibì kan wà tí ènìyàn lè tẹ̀ bí ó bá fẹ́ fi ìyẹn di ìgbà mìíràn. Oníbàárà ń dúró de ìyá, oníbàárà ń dúró de ọmọ. Ọmọ tẹ ibẹ̀. Ó ní, "Ó ti parí, Màámi. Ṣé ẹ rí i pé ó rọrùn?" Ìyá ní, "Ó rọrùn, ọmọ mi. Ọlọ́hun á ṣe ọ̀nà tìrẹ náà ní ìrọ̀rùn."

Fún oṣù mẹ́jọ ni ìyá fi ń kó díẹ̀díẹ̀ sí i, títí ó fi tó nǹkan bíi ₦240,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jí fóònù rẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò. Ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ dàrú. Ó gba síìmù rẹ̀ padà, ó ra fóònù mìíràn, owó tó wà ní báńkì sì wà níbẹ̀ bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Ó wá ní kí ọmọ òun bá òun ṣí èyí tó kù. Kò ṣeé ṣí. Ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn nìkan ni kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí i lórí fóònù tuntun, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Olè tó jí fóònù náà kò rí owó mú, nítorí kò mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi tì í. Kò sí ẹni tó mú un. Títí di òní, ẹni tó bá mọ nọ́ńbà àpò náà lè wò ó lórí ẹ̀rọ, yóò sì rí owó náà níbi tó wà gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó o mọ́.

Ìyá náà kò pariwo, kò sì ṣépè. Gbólóhùn kan péré ló sọ: "Ìwọ lo ní ó rọrùn." Gbólóhùn yìí ni kò jẹ́ kí ọmọ sùn.

Kí a tó sọ ohun tí a fi dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ẹnìkan tó fi ara pamọ́ sábẹ́ orúkọ Satoshi Nakamoto bẹ̀rẹ̀ owó orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Bitcoin. Kò sí báńkì tó ń tọ́jú ìwé rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ń kọ àkọsílẹ̀ kan náà, tí wọ́n sì ń yẹ ara wọn wò. Ní oṣù keje ọdún 2015 ni Ethereum tẹ̀lé e, èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Vitalik Buterin, kọ́kọ́ ro èrò rẹ̀. Lórí Ethereum, ènìyàn lè kọ àdéhùn sílẹ̀, kí àdéhùn náà sì máa mú ara rẹ̀ ṣẹ láìsí lọ́yà tàbí akọ̀wé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ibi ìpààrọ̀ owó sílẹ̀ láìsí oníṣẹ́nijì láàárín, irú bíi Uniswap tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2018. Wọ́n sì dá ibi ìyánilówó sílẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n ń pè ní DeFi, ìyẹn ni ètò owó tí kò sí lọ́wọ́ olórí kan ṣoṣo.

Ètò owó tí kò ní báńkì nínú kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Èsúsú wà, àjọ wà. Bí orí ẹnìkan bá pé, a máa ń fi í wé alájọ Ṣómólú. Ènìyàn gidi ni. Alphaeus Taiwo Olunaike ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2012 ni ó sì jáde láyé. Àwọn tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ka ìwé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n kà. Wọ́n mọ ojú rẹ̀, wọ́n mọ ohùn rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé bí oṣù bá parí yóò yọjú. Nínú DeFi, kò sí ojú ẹnikẹ́ni láti kà. Ìwé nìkan ló wà. Ìwé náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kì í ṣe èdè tí aláṣọ Old Garage gbọ́.

Ẹ wo ohun tí àlejò máa ń bá pàdé níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ méjìlá tàbí mẹ́rìnlélógún tí a mẹ́nu bà, tí ẹ̀rọ ń ṣà láti inú ìwé ọ̀rọ̀ 2,048. Bí o bá sọ ọ́ nù, owó nù. Bí o bá sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, gbogbo owó náà ti di tirẹ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ yìí wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Sípéènì, Jàpáànù, Kòríà, Ṣáínà àti àwọn mélòó kan sí i. Kò sí Yorùbá nínú wọn. Èkejì ni nọ́ńbà àpò. Ti Ethereum jẹ́ àmì 42, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀ mọ́ra wọn. Bí o bá fi owó ránṣẹ́ síbi tí kò tọ́, kò sí máníjà tí o lè lọ bẹ̀. Ẹ̀kẹta ni owó iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní gas. Àlejò lè ní dọ́là nínú àpò náà kí ó má lè fi ránṣẹ́, nítorí owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń fi san owó iṣẹ́, kò sì ní in. Ẹ̀kẹrin ló burú jù: ìyọ̀ǹda. Áàpù lè béèrè pé kí o yọ̀ǹda kí àdéhùn kan máa mú owó nínú àpò rẹ. Ìwọ rò pé ti òní nìkan ni o fọwọ́ sí; àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí o fọwọ́ sí kò ní òǹkà, ó kan ti òní, ó kan ti ọ̀la.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ rí báyìí, àwọn kan nínú wa sọ pé kí a fi í sílẹ̀ bí ó ṣe le yẹn. Wọ́n ní líle rẹ̀ ni odi tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. A bọ̀wọ̀ fún èrò yìí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ní oṣù kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò crypto. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò jáwọ́. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ ara wọn, títí Báńkì Àpapọ̀ fi tú àṣẹ náà ká ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Ní ọdún 2025, òfin tuntun fi irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ìtọ́jú àjọ tó ń rí sí ìdókòwò. Ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà: ènìyàn ní owó ní báńkì, kò rí i gbà jáde, ó ń fi owó ra owó lọ́wọ́ oní-POS. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí ìyẹn kò ní dẹ́kun wíwá ọ̀nà mìíràn.

Bí ilẹ̀kùn olóòótọ́ bá le, ilẹ̀kùn ẹlẹ́tàn ni ènìyàn yóò gbà. MMM wọ Nàìjíríà ní ọdún 2015. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kó owó sí i. CBEX ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn ènìyàn kò rí owó wọn gbà mọ́, inú sì bí àwọn kan títí wọ́n fi ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè Àdó ní Ìbàdàn. Méjèèjì kì í ṣe DeFi. Ẹ̀wù ìmọ̀ tuntun ni CBEX kàn gbé wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: ìrọ̀rùn ni wọ́n ń tà. Kò sí ibi tó rọrùn láti wọ̀ tó ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni kan yóò fi í sórí fóònù rẹ, yóò bá ọ tẹ gbogbo ohun tó yẹ ní títẹ̀, ìwọ yóò ṣáà máa wo bí owó ṣe ń gbèrú. Ọ̀nà àbájáde nìkan ni kò sí. Nítorí náà, bí àwọn olóòótọ́ bá kọ̀ láti mú tiwọn rọrùn, wọ́n ń ran ẹlẹ́tàn lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n fẹ́ kí a fi gbogbo rẹ̀ pamọ́. Wọ́n ní àlejò kò gbọdọ̀ rí ọ̀rọ̀ méjìlá, kò gbọdọ̀ gbọ́ nípa gas, kò gbọdọ̀ mọ̀ pé òun ń fọwọ́ sí ohunkóhun. Kí ó ṣáà tẹ ibì kan, kí ó parí. Èyí ni ọmọ wa ṣe fún ìyá rẹ̀. Èyí náà kò tọ̀nà, ẹ jẹ́ kí á sì fi ohun tí ojú wa rí nínú iṣẹ́ wa ṣàlàyé.

Nígbà tí àwa wà ní ọmọ kéwú, ìyà pọ̀ níbẹ̀. A ń ṣẹ́gi, a ń pọn omi, a ń ka wàláà lálẹ́ nídìí iná, èéfín ń pa wá lójú. Àwọn àgbà ìgbà náà gbà pé láìsí pàṣán ìmọ̀ kò lè wọ orí. Nígbà tí àwa náà di olùkọ́, a gbé pátákó àti ṣọ́ọ̀kì wá, a ra bẹ́ǹṣì, a ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá fún àwọn ọmọ. Àwọn kan ní a ti ba kéwú jẹ́. A kò bà á jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń ka ohun tí àwa kò lè kà ní ọmọ ọdún méjìlá. Ìyà tí a mú kúrò kò ní èrè kankan nínú tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí a bá lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa: ọmọ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀kọ́ tuntun títí yóò fi ka ti àná fún olùkọ́ létí. Ó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn, àwọn òbí kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dún kan, nítorí pé àwọn òbí ń kánjú láti ṣe wòlímọ̀, a gbé òfin yìí jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọmọ sáré parí. Nígbà tí ọjọ́ pé, tí ìlù ti dún, tí ìyá àti bàbá ti ra aṣọ tuntun, ọmọ kan dìde láti kà, ó lanu, kò sí ohun tó jáde. Ojú ọmọ náà kò tíì kúrò lọ́kàn wa títí di òní. Ọmọ náà kọ́ ló jẹ̀bi.

Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ìnira méjì ló wà. Ọ̀kan ń fìyà jẹ ènìyàn lásán. Kí a mú un kúrò. Èkejì ń ṣọ́ ènìyàn; bí a bá mú un kúrò, a ti mú ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọgbọ́n ẹni tó fẹ́ mú nǹkan rọrùn ni kí ó mọ èyí tí ó jẹ́ ìyà àti èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́.

Ẹ̀sìn wa fẹ́ ìrọ̀rùn. Nígbà tí Ànọ́bì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán Mu'adh àti Abu Musa lọ sí ilẹ̀ Yemen, ó pàṣẹ fún wọn kí wọ́n mú nǹkan rọrùn fún àwọn ènìyàn, kí wọ́n má ṣe mú un nira. Síbẹ̀, Ànọ́bì yìí kan náà dé ọjà lọ́jọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí Muslim ti gbà á wá, ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà tí ẹnìkan ń tà, ó sì bá a pé ìsàlẹ̀ tutù. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànọ́bì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ẹ wò ó dáadáa. Kò ní kí ó má ta ọkà. Kò ní kí ó dúró di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ. Ohun tó fẹ́ ni pé kí èyí tó tutù wà lókè, níbi tí ojú olùrà yóò kọ́kọ́ bà.

Èyí ni òṣùwọ̀n tí a fẹ́ kí ẹ fi wọn gbogbo áàpù owó, àti gbogbo ẹni tó bá ń fi í han ẹlòmíràn. Kí gbogbo ohun yòókù rọrùn bí ó bá ti lè rọrùn tó, ṣùgbọ́n kí ohun tó lè mú owó nù wà lókè, kí ó sì wà ní èdè tí olówó gbọ́. Dípò kí áàpù béèrè pé ṣé o fọwọ́ sí i, kí ó sọ pé: lágbájá ni yóò mú owó, iye báyìí ni kò gbọdọ̀ kọjá, bí o bá tẹ ibí yìí kò ṣeé dá padà. Kí ìyọ̀ǹda má kọjá iye tí a ń ná lọ́wọ́. Kí ó má sí àyè láti fo ọ̀rọ̀ méjìlá títí ènìyàn yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ tí yóò sì kà á padà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kéwú ti ń ka ti àná kí ó tó gba ti òní. Kí ẹni tó ń kọ́ àlejò kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ti ń jáde kí ó tó kọ́ ọ bí a ti ń wọlé: fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà sí i, mú un jáde padà, ná an lọ́jà, kí o tó fi kọ́bọ̀ mìíràn sí i.

Ìrànlọ́wọ́ gidi ti ń wọlé lórí èyí. Láti oṣù kẹta ọdún 2023, ètò kan tí wọ́n ń pè ní ERC-4337 ti wà lórí Ethereum. Ó jẹ́ kí ènìyàn lè ní irú àpò kan tí ó ti yan àwọn alámòójútó sí, bóyá ènìyàn márùn-ún tó fọkàn tán. Bí fóònù bá sọnù, mẹ́ta nínú wọn lè pa ohùn pọ̀ láti dá àpò náà padà fún un, láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn lè dá fọwọ́ kan owó náà. Nígbà tí a gbọ́ èyí, Suuratul Bakọra, ẹsẹ 282, ló wá sí wa lọ́kàn. Ẹsẹ yìí ló gùn jù nínú Àlùkùráánì, ọ̀rọ̀ gbèsè àti àkọsílẹ̀ ló sì dá lé. Ọlọ́hun pàṣẹ kí a kọ ọ́, kí a wá ẹlẹ́rìí, bí ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ kò bá sì lè sọ ohun tí a ó kọ, kí alámòójútó rẹ̀ bá a sọ ọ́ pẹ̀lú òdodo. Ọlọ́hun kò lé ẹni tí kò mọ̀wé kúrò nídìí òwò, kò sì fi í sílẹ̀ kí ó máa tẹ̀ka sí ohun tí kò yé e. Ó yan ẹni tí yóò dúró tì í.

Ọkà tútù mìíràn tún wà tó kan àwa Mùsùlùmí. Lórí ọ̀pọ̀ áàpù wọ̀nyí, ibi tí a ti ń tọ́jú owó àti ibi tí a ti ń yá a jáde láti gba èlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìka kan péré ni ènìyàn yóò sún kí ó tó bọ́ sínú ríbà, orúkọ dídùn ni wọ́n sì fún un. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí owó orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: Ilé Fátíwà ti Íjíbítì kà á léèwọ̀ ní ọdún 2018, ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ Ṣẹ̀ríà ti àjọ tó ń rí sí ìdókòwò ní Màléṣíà fàyè gba rírà àti títà rẹ̀ lọ́nà òfin, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Indonéṣíà sì ní ní ọdún 2021 pé ó léèwọ̀ láti lò ó bí owó. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kí ó bi onímọ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kò sí ìyapa lórí ríbà. Pé ohun kan rọrùn kò sọ ọ́ di haláàlì.

Ó kù sí ìbéèrè ọmọ wa. A sọ fún un pé àwa kì í ṣe alíkáálì, a kò sì lè dájọ́ bíi ti kóòtù. Ṣùgbọ́n Abu Dawud gbà á wá pé ẹni tó bá ń ṣe ìwòsàn láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá bàjẹ́ wà. Bí ìmọ̀ ẹnìkan bá ṣe tó nínú ọ̀rọ̀ ni ẹrù rẹ̀ ṣe ń wúwo tó. Àwọn tó ṣe áàpù náà mọ̀ jù. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá fo ojú ìwé yẹn lè pàdánù gbogbo owó rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fi àyè fífò sílẹ̀. Ìwọ mọ̀ díẹ̀. O mọ ohun tí ọ̀rọ̀ méjìlá jẹ́. Ìyá rẹ kò mọ áàpù. Ìwọ ọmọ rẹ̀ ni ó mọ̀. Ìwọ kì í ṣe olè, èrò rẹ sì dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ ni ó gbà wọlé. O jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ó ní, "Ààfáà, àwọn tó ṣe áàpù kò ní san tiwọn o." A ní bẹ́ẹ̀ ni. Pé ẹni tó jẹ jù kò san kò ní kí ẹni tó jẹ díẹ̀ má san.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìyá rẹ̀ ní ₦20,000 lóṣooṣù. Lóṣù àkọ́kọ́, ìyá kọ̀ ọ́. Lóṣù kejì, nígbà tó rí i pé ẹrù ló wà lọ́kàn ọmọ òun, ó gbà á. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan wà tí òun fẹ́ ju owó náà lọ. Ó ní kí ọmọ jókòó ti òun, kí ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, láti ojú ìwé kìíní. Ọmọ ṣe é ní alẹ́ mẹ́ta. Ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ méjìlá wà fún, ó sọ ti gas, ó sọ ti ìyọ̀ǹda, ó jẹ́ kí ìyá fi ẹgbẹ̀rún méjì wọlé kí ó sì mú un jáde. Nígbà tó parí, ó bi í pé, "Màámi, ṣé kí a ṣí òmíràn?" Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o. Ó ti yé mi wàyí, ìdí tí n kò fi ṣe é nìyẹn. Aṣọ ni n ó rà."

Ọmọ náà rò pé òun ti kùnà. A sọ fún un pé kò kùnà rárá. Nígbà tí ó kọ́kọ́ mú un rọrùn fún ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni ìyá lè wí. Ní ìgbà kejì, ó lè wí bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè wí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí nǹkan yé ló lè kọ̀ ọ́. Ìrọ̀rùn tí kò bá fi àyè kíkọ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wá orúkọ mìíràn fún un.

Ẹni tó bá dé ìdí tábìlì rẹ̀ lónìí yóò rí páálí kan tó fi máákà kọ. Kí ó tó fi irú áàpù bẹ́ẹ̀ sórí fóònù ẹnikẹ́ni, yóò kọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un: bí owó náà ṣe lè nù, bí a ti ń mú un jáde, àti ibi tí ríbà wà. Ó ní àwọn kan ń gbọ́ ọ, wọ́n a sì wọlé pẹ̀lú ojú wọn. Àwọn kan ń gbọ́ ọ, wọ́n a dúpẹ́, wọ́n a sì bá tiwọn lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ mọ ẹ̀rọ, ẹ̀yin ni àwọn ìyá àti bàbá yín ń kà dípò ìwé. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu yín di kòtò fún wọn. Àmín.